Ààlè Lára Igi Emi

"Ràmọ́nì! Jáde síta! Jáde wá sọ fún mi, ìgbà wo ni mo kú tí ọmọ rẹ fi ń pín ogún mi!"

"Ẹ rọra, Ìyá Àdìjátù. Etí mi ò di."

"Mi ò ní rọra! Ọjọ́ mọ́kànlá! Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni èso emi fi ń bọ́, tó ń jẹrà sílẹ̀, tí obìnrin kan ṣoṣo ò lè bẹ̀rẹ̀ mú un, nítorí pé ọmọ rẹ so ààlè mọ́ ọgbọ̀n igi nínú oko ọkọ mi! Olè wo la jà? Ta la jí nǹkan rẹ̀ kó?"

"Ọmọ mi kọ́. Yunifásítì lọmọ mi ń lọ. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fẹ́ fi ààlè ṣe?"

"Bi í léèrè! Òun ló ń bọ̀ yẹn, tó gbé báàgì kọ́ èjìká bí ìyàwó ọ̀gá ọlọ́pàá!"

Gbogbo ojú yí sí ọ̀nà. Lóòótọ́, Àrínọlá ló ń bọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ti Ṣakí wá sí Ìwéré-Ilé ni, ẹrẹ̀ ọ̀nà ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Obìnrin méje ló bá níwájú ilé bàbá rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ òfìfo sì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ìyá Àdìjátù ló ṣíwájú. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n bí ó bá pariwo ní ìsàlẹ̀ òkè, ẹni tó wà lórí òkè á dáhùn pé, "Ṣé èmi lẹ ń pè?"

"Ìwọ Àrínọlá, kí lo so mọ́ igi emi mi?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àrínọlá. Ẹ̀rín yẹn ló kọ́kọ́ ba ọ̀rọ̀ jẹ́. "Ìyẹn náà ni, Ìyá? Nọ́ńbà ni! Mo kọ ọ́ sára àkúfọ́ igbá kí òjò má baà fọ̀ ọ́ dànù. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí dé ọgbọ̀n."

Àpọ́nlé, ìyàwó àbúrò ọkọ Ìyá Àdìjátù, já wọ àárín. Obìnrin yìí kì í pariwo ní tirẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́ ni, ó máa ń gún ni jẹ́jẹ́. "Nọ́ńbà. Ta nínú àwa méjèèje ló mọ nọ́ńbà kà? Àkísà pupa la rí. Àkúfọ́ igbá la rí tó ń fì nídìí àkísà. Ìwọ tó o kàwé, sọ fún wa, èwo nínú rẹ̀ ni kì í ṣe ààlè?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Àrínọlá.

Ẹ gbọ́, ààlè kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nílẹ̀ wa. Ẹni tó bá so ó mọ́ nǹkan rẹ̀ ti sọ fún ayé pé olè ń bẹ nítòsí, ó sì ti fi ẹjọ́ olè náà sun ohun tí ojú ò rí. Mùsùlùmí tó ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, tó ní òun ò gba irú ìyẹn gbọ́, bí ó bá rí ààlè nídìí iṣu, ẹ̀gbẹ́ kejì ni yóò gbà kọjá. Ìwéré-Ilé ni wọ́n bí Àrínọlá sí. Ó mọ ààlè bí ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ti wà ní ilé ìwé tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti di ojú tó ń wo nọ́ńbà, tí kò rí àkísà tó so nọ́ńbà náà rọ̀.

"Ìyá yìí ni mo rò pé ó so ó láti fi dí wa lọ́nà," ni Àpọ́nlé wí, tó ń tọ́ka sí Ìyá Àdìjátù. "Mi ò kí i láti ọjọ́ yẹn. Mo bú u lójú ọ̀nà odò. Àná la tó dá ìró pupa ìyá rẹ mọ̀ lára àkísà náà."

"Èmi náà rò pé àwọn ẹbí ọkọ mi ló fi ń lé mi jáde," ni Ìyá Àdìjátù fèsì. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ lójijì, ìyẹn sì dun Àrínọlá ju ariwo lọ. "Mo ti di ẹrù. Mo ní kí n máa lọ bá Àdìjátù ọmọ mi ní Tẹ̀dé. Ogójì ọdún ni mo ti ń ṣa emi lábẹ́ igi wọ̀nyẹn. Iléyá ò tó oṣù kan mọ́, owó òrí tí à ń yọ lára emi la fi ń ra aṣọ ọdún fún ọmọ. Ojú mi ń wo èso bọ́, ọwọ́ mi ò lè kàn án."

Àwáwù, ìyá Àrínọlá, ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ gbìì. "Ẹ bá mi dárí jì í. Ọmọ yín ni, àìmọ̀ ni."

Ràmọ́nì kò kúnlẹ̀. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ọjọ́ mélòó lo ní o máa lò ní Ṣakí?"

"Mẹ́ta, Bàbá."

"Mélòó lo lò?"

Àrínọlá fa báàgì rẹ̀ mọ́ra.

"Ìwé tó o máa ń kọ lábẹ́ igi ńkọ́? Ta ló ń bá ọ kọ ọ́ láti ọjọ́ mọ́kànlá?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun. Ìwé náà wà nínú báàgì tó gbé kọ́ èjìká, ó sì kún.

*

Ọdún 1984 ni, ọdún tí a ń tò sórí ìlà nítorí mílíìkì àti ṣúgà bí ẹni ń tò gba sàráà. Àrínọlá ti parí ọdún kejì ní yunifásítì, níbi tó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ewéko. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá rẹ ń roko, ìwọ lọ sí yunifásítì láti lọ kọ́ nípa koríko!" Ó máa ń dá wọn lóhùn pé koríko náà ni màlúù jẹ kí wọ́n tó rí ẹran jẹ.

Dókítà Mojọlá, olùkọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ló fún un níṣẹ́ ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Obìnrin kúkúrú ni, dígí ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Nínú akẹ́kọ̀ọ́ márùndínláàádọ́ta, mẹ́rin péré ló mú, ó sì pín wọn káàkiri Òkè-Ògùn. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé igi emi ń tán lọ. Wọ́n ń gé e fi dáná sí ilé tí wọ́n ti ń yan ewé tábà, wọ́n ń gé e sun eédú, àwọn tó kù sì ti di arúgbó. Àwọn ọmọ wọn dà? Kí ló dé tí ènìyàn fi lè rin oko láti àárọ̀ dé ọ̀sán láìrí igi emi kan tó jẹ́ ọ̀dọ́?

Iṣẹ́ Àrínọlá kò le, sùúrù ló gbà. Ọgbọ̀n igi ni, nínú oko tí ọkọ Ìyá Àdìjátù fi sílẹ̀ kí ó tó kú. Ní ọjọ́ méjì-méjì, kí ó ka èso tó wà nílẹ̀, kí ó ka èyí tó hù, kí ó sì kọ iye obìnrin tó wá ṣa emi àti iye apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n gbé lọ. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò bá Dókítà lọ sí Ìbàdàn ní oṣù Kẹsàn-án, sí ilé tí wọ́n kó ewé gbígbẹ láti gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà sí, tí wọ́n tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ sínú pépà, tí wọ́n kọ orúkọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àrínọlá ti ń lá àlá ilé yẹn láti ọdún kìíní. Nínú àlá náà, ewé kan wà tí wọ́n kọ orúkọ tirẹ̀ sí nísàlẹ̀.

"Àṣìṣe kì í bà mí lẹ́rù," ni Dókítà wí fún un lọ́jọ́ tó ń lọ. "Bí o bá ṣe àṣìṣe, kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Má ṣe tún un ṣe."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, Àrínọlá ṣiṣẹ́ bí eèrà. Ẹfun ló fi kọ nọ́ńbà sára igi, òjò á fọ̀ ọ́, á tún un kọ. Ó bá àwọn ìyá náà ṣàwàdà, wọ́n fún un ní emi tó pọ́n lá. Lábẹ́ gbogbo ọgbọ̀n igi náà, mẹ́rin péré ló rí tó hù.

Ìgbà náà ni Ládòkun dé. Òun náà wà nínú àwọn mẹ́rin tí Dókítà mú. Ẹ̀gbẹ́ Tẹ̀dé ni tirẹ̀. Ó gun alùpùpù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, ó bá Àrínọlá lórí ìkúnlẹ̀ tó ń ka èso.

"Ìwọ ṣì ń kà á? Èmi ti ka ti oṣù tó ń bọ̀ tán."

"Báwo lo ṣe ka ohun tí kò tíì bọ́?"

"Pẹ̀lú báírò!" Ó rẹ́rìn-ín. "Àrínọlá, ìwé la máa fún Dókítà, kì í ṣe igi. Ta ló máa wá tún igi kà lẹ́yìn rẹ? Wọ́n ń fi eré Òlíńpíìkì hàn lórí tẹlifíṣàn ní Ṣakí. Fadékẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ ní ẹ̀gbọ́n òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tẹlifíṣàn aláwọ̀ mèremère, ó ní kí n mú ọ wá."

Àrínọlá kọ̀. Ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ìdájí ọjọ́ kejì, ó ya ìró pupa tí ìyá rẹ̀ ti gbó tán, ó fọ́ igbá àtijọ́ kan sí wẹ́wẹ́, ó kọ nọ́ńbà sára àkúfọ́ náà, ó so wọ́n mọ́ ọgbọ̀n igi kí òjò má baà pa á rẹ́. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni òun máa lò.

Ọjọ́ mẹ́ta di márùn-ún, márùn-ún di mẹ́jọ, mẹ́jọ di mọ́kànlá. Lórí ẹní ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n Fadékẹ́, Àrínọlá ṣí ìwé rẹ̀ sórí itan. Obìnrin mẹ́jọ tò sórí ìlà nínú tẹlifíṣàn, wọ́n fẹ́ sáré. Ó kọ ọ́ pé: *Ọjọ́bọ̀, obìnrin mẹ́jọ, apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá*. Báírò náà ń yọ̀ lórí pépà bí òrí. Irọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló máa ń wúwo. Àwọn tó kù fúyẹ́ bí òwú.

*

Nígbà tí àwọn ìyá náà ti túká, Àwáwù mú lẹ́tà kan jáde fún Àrínọlá. Dókítà Mojọlá ló kọ ọ́. Ọ̀la ló ń bọ̀ wá wo iṣẹ́.

Àrínọlá kò jókòó jẹun. Ó mú ọ̀bẹ àti apẹ̀rẹ̀ ńlá, ó gba oko lọ ní ọ̀sán gangan. Ó ti ro gbogbo rẹ̀ tán: kí ó gé àkísà kúrò, kí ó kó èso tó ti jẹrà dà sódò, kí ilẹ̀ lè rí bí ìwé ṣe rí.

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, òórùn dídùn tó ti kan. Eṣinṣin ń kùn. Lábẹ́ igi kìíní, èso bo ilẹ̀ débi pé kò rí ibi fi ẹsẹ̀ sí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan láti sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Ẹ̀yìn kóró náà ti là. Gbòǹgbò funfun kan ti yọ jáde níbẹ̀ bí eyín ọmọ ọwọ́. Ó mú òmíràn. Ó ti là. Ó mú òmíràn. Lábẹ́ igi kan ṣoṣo, ó kà á dé ọgọ́fà, ó sì ṣìrò. Òun tó rí mẹ́rin lábẹ́ ọgbọ̀n igi!

"Ẹni tó bá ṣu sójú ọ̀nà, á bá eṣinṣin nígbà tó bá ń bọ̀."

Àrínọlá fò sókè. Ìyá Àdìjátù ló jókòó sórí àpáta, tó nasẹ̀ bí ẹni ń gba atẹ́gùn.

"Mo mọ̀ pé o máa wá. Apẹ̀rẹ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ìwọ náà fẹ́ ṣa emi ni?"

"Mo... mo fẹ́ tún ibẹ̀ ṣe ni, Ìyá."

"Tún un ṣe fún ta? Fún wa ni, àbí fún ọ̀gá rẹ tí ìyá rẹ ní ó ń bọ̀ lọ́la?" Ó na ìka sí àyà Àrínọlá. "Ìwé tó o máa ń gbé kiri yẹn, kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Iṣẹ́ mi ni, Ìyá."

"Ó dáa. Ka iṣẹ́ rẹ sí mi létí."

Àrínọlá lè ka ohun tó bá wù ú. Ìyá Àdìjátù kò mọ A yàtọ̀ sí B. Ṣùgbọ́n ojú ìyá náà kò kúrò lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ka ohun tó wà níbẹ̀.

"Ọjọ́bọ̀. Obìnrin mẹ́jọ, apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá."

"Obìnrin mẹ́jọ! Dárúkọ wọn."

Àrínọlá tún wo ojú ewé náà, kò sí orúkọ kankan níbẹ̀.

"Ṣé Àpọ́nlé wà níbẹ̀?"

"Bóyá..."

"Àpọ́nlé kọ́, ojú ọ̀nà odò ló wà ní Ọjọ́bọ̀, tó ń bú mi! Kà á lọ."

"Sátidé. Obìnrin mọ́kànlá, apẹ̀rẹ̀ mẹ́rìnlá."

"Ọjà ń gbèrú! Sátidé òjò rọ̀ láti ìdájí dé ìrọ̀lẹ́, adìẹ ò jáde síta, obìnrin mọ́kànlá wá ṣa emi! Ṣé ọmọ ènìyàn ni wọ́n, àbí ẹja?"

Àrínọlá rẹ́rìn-ín láìfẹ́, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Àdìjátù kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, gbọ́. Ààlè tó o so, àìmọ̀ ni, mo ti gbé e jù sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn ń parọ́ mọ́ mi. Lọ́la, ẹni tí kò mọ̀ mí á kà á, á ní mo ṣa emi lọ́jọ́ tí ebi fi ń pa mí. Mi ò sì lè ka ìwé kí n fi gba ara mi sílẹ̀. Ṣé o rí ohun tó burú níbẹ̀?"

"Mo rí i, Ìyá." Ó ti wà lórí eékún. "Ṣé ẹ máa sọ fún Dókítà?"

"Èmi? Ìwọ lo ni ẹnu." Ìyá Àdìjátù dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. "Fi èso yẹn sílẹ̀ bó o ṣe bá a. Má sì fi ọ̀bẹ gé àkísà kankan lónìí. Ẹni tó so ààlè ló ń tú u, ojú gbogbo ayé ló sì ti máa ń tú u."

*

Lándírófà dé ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Dókítà Mojọlá kò tilẹ̀ dúró mu omi. Nígbà tó dé abẹ́ igi kìíní, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ rere lọ́rùn, ó bọ́ dígí ojú, ó tún un wọ̀.

"Àrínọlá! Wá wo èyí! Ó là! Gbogbo wọn ló là!" Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ti ọmọdé tó rí owó he. "Ọjọ́ wo lo kọ́kọ́ rí gbòǹgbò? Ọjọ́ karùn-ún ni? Ọjọ́ keje? Mú ìwé wá, mú ìwé wá kíá!"

Àwọn ìyá méjèèje dúró lókèèrè. Àpọ́nlé wo Ìyá Àdìjátù. Ìyá Àdìjátù wo ilẹ̀.

Kò sí ohun tó rọrùn bí kí Àrínọlá sọ pé "ọjọ́ karùn-ún." Dókítà á kọ ọ́. Á di ohun tí a tẹ̀ sínú ìwé. Ìbàdàn á sún mọ́ ọn, ewé tó ní orúkọ rẹ̀ á sún mọ́ ọn. Ó na ìwé náà sí Dókítà, ṣùgbọ́n kò jù ú sílẹ̀.

"Ẹ má kà á, Mà. Irọ́ ló wà nínú ojú ewé méjì tó kẹ́yìn. Mi ò sí níbí. Ṣakí ni mo wà, tí mò ń wo tẹlifíṣàn. Mi ò mọ ọjọ́ tí gbòǹgbò yọ. Àwọn ìyá yìí ò ṣa èso kankan, nítorí wọ́n rò pé ààlè ni mo so mọ́ igi. Ebi ni mo fi pa wọ́n, mo sì kọ ọ́ pé wọ́n ń kó apẹ̀rẹ̀ lọ."

Afẹ́fẹ́ kọjá, gbogbo àkúfọ́ igbá fì lẹ́ẹ̀kan náà.

Dókítà dìde díẹ̀díẹ̀. Ó gba ìwé, ó yọ báírò, ó fa ìlà gbọọrọ la ojú ewé kan kọjá, ó ṣí èkejì, ó fa ìlà kejì.

"Ọdún mẹ́fà," ni ó wí, kò pariwo rárá. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń wá ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní ṣa emi fún ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀, kí n lè mọ ohun tí ilẹ̀ máa ṣe. Mi ò lè ní kí ìyá kankan má ṣa á, nítorí oúnjẹ ọmọ wọn ni. Ìwọ rí i láìwá a. Ká ní o wà níbí, tó o ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan... Àṣìṣe rẹ gbé ẹ̀bùn wá fún wa, Àrínọlá. Irọ́ rẹ ló jẹ ẹ́ run."

Àrínọlá kò lè gbé ojú sókè.

"Tẹ̀dé ni mo ti ń bọ̀ láàárọ̀ yìí. Nínú ìwé Ládòkun, igi mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ń so èso. Mo débẹ̀, kùkùté ni mo bá. Àwọn alátábà ti gé gbogbo wọn lóṣù Kẹfà. Mo ti ní kó máa lọ ilé, ẹ̀ka wa ló máa mọ èyí tó kàn. Ìwọ sọ tìrẹ kí n tó bi ọ́. Nítorí náà, mi ò ní lé ọ. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn, gbàgbé rẹ̀. Ẹlòmíràn á lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù nínú ìsinmi. Bí àwọn onígi bá gbà ọ́, tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo."

Àrínọlá yíjú sí àwọn ìyá náà, ó kúnlẹ̀.

"Kó kọ́kọ́ tú ìdọ̀tí rẹ̀," ni Àpọ́nlé wí. "Lẹ́yìn náà, kó wá bá wa gún emi. Ọwọ́ tó ń kọ obìnrin mọ́kànlá, á lè gún odó mọ́kànlá."

Ẹ̀rín sọ. Kódà Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àrínọlá tú ọgbọ̀n àkísà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú gbogbo wọn ń wò ó. Bó ti ń tú u, Ìyá Àdìjátù fa Dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá olùkọ́, kí lẹ ń wá gan-an nídìí igi wa?"

Dókítà ṣàlàyé: bí a bá ṣa gbogbo èso tán lọ́dọọdún, kò ní sí ọmọ igi, bí àwọn àgbà igi yìí bá wó, òrí tán nìyẹn.

Ìyá Àdìjátù pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ohun tẹ́ ẹ fi ń rún ojú láti ọdún mẹ́fà nìyí? Kí ló dé tẹ́ ò bi wá? Ìyá ọkọ mi máa ń sọ pé, 'Apẹ̀rẹ̀ tó kẹ́yìn, ti ilẹ̀ ni.' Bí a bá ṣa tán, a máa ń da apẹ̀rẹ̀ kan padà sábẹ́ igi. Àwa la fi í sílẹ̀ nígbà tí òrí bẹ̀rẹ̀ sí í tà wàràwàrà. Ojúkòkòrò ni."

Dókítà Mojọlá yọ ìwé tirẹ̀ jáde lápò, ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó sì béèrè orúkọ ìyá ọkọ Ìyá Àdìjátù kí ó lè kọ ọ́ sí i.

*

Láti ọjọ́ náà, Àrínọlá ló ń kọ́kọ́ dé oko. Kò kọ nọ́ńbà sára igi mọ́, kò sì nílò rẹ̀, nítorí àwọn ìyá náà kọ́ ọ pé gbogbo igi ló ti ní orúkọ kí wọ́n tó bí i: Abuké ni èyí tó tẹ̀, Ìyá Ìbejì ni èyí tó là sí méjì, Oníyọ̀ ni èyí tí èso rẹ̀ kì í dùn. Ó kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Bí obìnrin mẹ́ta bá wá, á kọ mẹ́ta, á sì kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́jọ́ kan tí ibà mú un tí kò lè dìde, ó kọ ọ́ pé: *Mi ò lọ. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.* Lọ́sàn-án, á bá wọn se emi, á bá wọn sá a, á bá wọn gún un. Ọwọ́ rẹ̀ bó, ó tún bó, ó wá le.

Ní alẹ́, bó bá ti kí ìrun tán, á jókòó sórí ẹní ìrun, á máa dúpẹ́, kò sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó dúpẹ́ pé Ìyá Àdìjátù kò lọ sí Tẹ̀dé. Ó dúpẹ́ pé Àpọ́nlé ń kí ìyá náà lówùúrọ̀, tí àwọn méjèèjì sì ń bú ara wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tó bi í ní ìbéèrè tó le níwájú ènìyàn. Nígbà tí Iléyá kù bí ọ̀sẹ̀ kan, òrí dé ọjà, kò pọ̀ bí ti èṣí, ṣùgbọ́n ọmọ kankan kò wọ àkísà ní yídì. Nígbà tí ìròyìn dé pé ọkọ̀ ti gbé ẹlòmíràn lọ sí Ìbàdàn, Àrínọlá sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó lọ ka èso.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ìsinmi rẹ̀, àwọn ìyá méjèèje bá a dé oko. Àwọn kóró tó là tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ilẹ̀ ti yọ ewé pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú ilẹ̀. Ràmọ́nì ti gbẹ́ ọgbọ̀n èèkàn láti ara igi àyìn tí ikán kì í jẹ, kí wọ́n kàn wọ́n mọ́lẹ̀ yí ibẹ̀ ká, kí ọkọ́ ẹnikẹ́ni má baà ro ọmọ igi dànù.

"Èèkàn ò jọ ààlè," ni Àpọ́nlé wí. "Bí o bá tún mú àkísà pupa wá síbí, ìwọ la máa so mọ́ igi."

Wọ́n kàn án títí ó fi ku ẹyọ kan. Ìyá Àdìjátù gba kùmọ̀ lọ́wọ́ Àpọ́nlé. Àrínọlá kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di èèkàn náà mú.

"Di í mú dáadáa. Ọwọ́ tó bá ń gbọ̀n ni kùmọ̀ máa ń jẹ."

"Kò gbọ̀n, Ìyá. Ìyá, ẹ ṣeun. Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Má fi ẹnu dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Ìyá náà tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó di kùmọ̀ mú gírí. "Wọ́n á gbé ìwé ńlá fún ọ lọ́jọ́ kan, níbi tí èmi ò ní sí láti bi ọ́ léèrè. Ohun tí ojú rẹ kò bá rí, má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ kọ ọ́. Ọpẹ́ mi nìyẹn."

Ó gbé kùmọ̀ sókè kọjá orí, ó sì là á mọ́ orí èèkàn, gbì!